Ìrìn-àjò Ìtàn Napoleon Kò Pé Láìsí Odi Joux

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe lórí èdè àti àṣà wa. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ìrìn-àjò ìtàn tí àwọn ọmọ Yorùbá tó bá lọ kí ẹbí wọn ní Yúróòpù lè bá wọn lọ, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti yin èyí tó ń tẹ̀lé ìgbésí ayé Napoleon Bonaparte, olú-ọba ilẹ̀ Faransé, láti ilé tí wọ́n ti bí i títí dé ibojì rẹ̀. N kò bá a jiyàn lórí ìyìn náà. Èmi fúnra mi ti bá irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Paris, mo sì gbádùn rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama kí n tó fẹ̀yìntì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀nà tí àwọn amọ̀nà wọ̀nyí ń mú èèyàn tọ̀ fo ibì kan tí kò yẹ kí wọ́n fò, pàápàá bí ẹni tó ń rìn ín bá jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ibẹ̀ ni odi Joux, ní àárín àwọn òkè Jura, níbi tí Toussaint Louverture, olórí àwọn ẹrú tó jà fún òmìnira ní ilẹ̀ tó di Haiti lónìí, kú sí nínú àhámọ́ Napoleon ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1803.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fún ìrìn-àjò náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní owó àti àkókò lè bẹ̀rẹ̀ láti Ajaccio ní erékùṣù Corsica, nínú ilé tí Letizia Ramolino ti bí Napoleon ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1769, nígbà tó ti lé díẹ̀ ní ọdún kan tí àwọn ará Genoa ti yọ̀ǹda erékùṣù náà fún Faransé. Mùsíọ́mù ìjọba ni ilé náà lónìí. Yóò gba Brienne kọjá, níbi tí ọmọdékùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ológun nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yóò sì dé Toulon, níbi tí ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìbọn àgbá ti sọ ọ́ di ọ̀gágun ní ọdún 1793 kó tó pé ọmọ ọdún 25. Àwọn kan máa ń wa mọ́tò gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Route Napoléon, láti etíkun Golfe-Juan títí dé Grenoble, ọ̀nà tó gùn ju 300 kìlómítà lọ, tó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nígbà tó sá kúrò ní erékùṣù Elba tí wọ́n lé e lọ sí, tó gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1815, tó sì wọ Paris ní ọjọ́ 20 oṣù yẹn kan náà. Àwọn mìíràn a lọ sí Waterloo ní Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀ pátápátá, láti gun àtẹ̀gùn 226 tó wà lára òkìtì tí ère kìnnìún wà lórí rẹ̀. Eékún mi kò gbà mí láyè fún irú gígùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìrìn inú Paris ni èyí tí àwọn èèyàn wa sábà máa ń bá lọ, nítorí pé wákàtí mélòó kan ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Iṣẹ́ amọ̀nà níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yẹpẹrẹ. Ìjọba Faransé máa ń fún àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà yanjú ní káàdì, èèyàn kò sì lè kàn dìde kó máa kó àwọn àlejò wọ mùsíọ́mù láti máa ṣàlàyé fún wọn bí ẹni ń tajà. Ọkùnrin tó mú wa lọ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Roch ní òpópónà Saint-Honoré ló ti bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí àwọn àpá tó wà lára ògiri, ó sì sọ fún wa bí Napoleon, tó jẹ́ ọmọ ọdún 26 nígbà náà, ṣe fi àgbá tú àwọn tó dìde sí ìjọba ká ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1795. Ní gbàgede Vendôme, ó fi òpó gàgàrà hàn wá, èyí tí wọ́n fi idẹ bò lára, tó jẹ́ pé àgbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá lójú ogun Austerlitz ni wọ́n yọ́ láti fi rọ ọ́, ère Napoleon sì wà ní téńté rẹ̀ nínú aṣọ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ó sọ bí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Commune, tó gba ìjọba ìlú Paris fún ìgbà díẹ̀, ṣe wó o lulẹ̀ ní ọdún 1871 àti bí wọ́n ṣe tún gbé e nàró lẹ́yìn náà.

Nínú Louvre ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀gá ni amọ̀nà yìí. A dúró pẹ́ níwájú àwòrán ìwúyè tí Jacques-Louis David yà, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́wàá. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1804 ni ọjọ́ náà, inú ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ni, Póòpù Pius VII ti ti Róòmù wá, ṣùgbọ́n Napoleon kò jẹ́ kí ó gbé adé lé òun lórí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé e, ó sì dé ti ìyàwó rẹ̀ Joséphine fún un. Amọ̀nà wa fi ìyá ọba hàn wá, tó jókòó ní ibi ọlá láàárín àwòrán náà, ó wá sọ pé obìnrin náà kò sí ní Notre-Dame lọ́jọ́ yẹn rárá, pé Róòmù ló wà, pé ńṣe ni wọ́n kàn yà á sí i. Inú mi dùn sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo sọ sínú ara mi pé ẹni tó lè sọ fún àlejò pé àwòrán tó lókìkí tó báyìí ń parọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní bo ohunkóhun mọ́ wa lójú.

Ibojì Napoleon nínú Les Invalides ni ìrìn náà parí sí. Ní ọdún 1840 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé láti erékùṣù St Helena, níbi tó ti kú ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1821, ó sì di ọdún 1861 kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sínú òkúta pupa ràbàtà tó wà níbẹ̀ títí di òní. Pósí mẹ́fà ni wọ́n tò sínú ara wọn kí wọ́n tó dé òkúta náà. Òkè ni àlejò máa ń dúró sí tí yóò tẹrí ba láti wò ó nísàlẹ̀, tí yóò sì dà bí ẹni tó ń kí ọba láìmọ̀. Àwòrán mẹ́wàá tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta mábù ló yí ibojì náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń sọ iṣẹ́ rere kan tí wọ́n ní olú-ọba yìí ṣe: ìwé òfin ìlú tó gbé jáde ní ọdún 1804, àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Póòpù, ilé ìwé gíga, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó ìjọba wò, òye Légion d'honneur, ojú ọ̀nà àti afárá. Òótọ́ ni gbogbo wọn, púpọ̀ nínú wọn ni ilẹ̀ Faransé ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní olónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ yóò rántí pé ìwé òfin yẹn kan náà ló fi ìyàwó sábẹ́ àṣẹ ọkọ bí ọmọdé. Nínú àwòrán mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sí èyí tó sọ ọ̀rọ̀ ọdún 1802, ọdún tí Napoleon dá oko ẹrú padà sí àwọn erékùṣù Faransé ní òkè òkun. Nígbà tí mo béèrè nípa rẹ̀, amọ̀nà wa fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ àwọn erékùṣù jẹ́ ìrìn-àjò mìíràn lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú, kì í ṣe ìrìn-àjò mìíràn. Ìgbésí ayé ọkùnrin kan náà ni, tábìlì kan náà ló sì ti fọwọ́ sí gbogbo àwọn ìwé náà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1794, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba tuntun tí àwọn Faransé gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ ńlá wọn fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ òkè òkun tí wọ́n ń ṣàkóso. Kì í ṣe àánú nìkan ló mú wọn ṣe é. Ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Haiti lónìí, àwọn ẹrú tó tó 500,000 ló ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké àti oko kọfí, ṣúgà tó ń ti ibẹ̀ jáde sì ju ti erékùṣù èyíkéyìí lọ ní agbègbè náà. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1791 ni àwọn ẹrú wọ̀nyí ti dìde, tí wọ́n dáná sun oko, tí wọ́n sì gba òmìnira ara wọn kí Paris tó fọwọ́ sí i. Láàárín wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Nago wà, orúkọ tí àwọn ará Dahomey àti àwọn Faransé fi ń pe àwọn tó ń sọ èdè wa, wọ́n sì pọ̀ sí i gan-an ní àwọn ọdún tó ṣáájú ogun náà. Títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, apá kan wà nínú ẹ̀sìn Vodou ní Haiti tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nago, Ogou sì ni ó ṣe pàtàkì jù lára àwọn tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ náà, tó sì rí idà àti irin tí wọ́n fi ń bọ ọ́, kò nílò amọ̀nà kankan.

Toussaint ni olórí tó yọrí láàárín ogun náà. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, ìtàn ìdílé rẹ̀ sì sọ pé láti ìdílé ọba Allada ni baba rẹ̀ ti wá, ní ilẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, níbi tí ère Toussaint wà báyìí. Ó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì jáde, ó bá àwọn Sípéènì jà, ó mú kí oko tún máa so èso. Nígbà tó sì di ọdún 1801, ó gbé ìwé òfin jáde tó sọ pé kò ní sí ẹrú mọ́ láéláé ní ilẹ̀ náà, tó sì sọ òun fúnra rẹ̀ di gómìnà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ojú Napoleon, tó ti gba ìjọba ní Paris ní oṣù Kọkànlá ọdún 1799, ọ̀yájú gbáà ni. Ó yan ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ọ̀gágun Leclerc, ó sì kó ọmọ ogun tó lé ní 20,000 lé e lọ́wọ́ láti lọ gba erékùṣù náà padà. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 1802, wọ́n pe Toussaint sí ìpàdé lórúkọ àlàáfíà, wọ́n mú un níbẹ̀, wọ́n sì kó òun, ìyàwó rẹ̀ Suzanne àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Faransé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ bí wọ́n ṣe ń mú un lọ ni pé ìtì igi òmìnira nìkan ni wọ́n gé, pé yóò tún rú láti gbòǹgbò rẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò náà pọ̀, ó sì jinlẹ̀.

Ní àárín ọdún yẹn ni òfin ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1802 jáde. Ó yẹ kí n ṣọ́ra níbí, nítorí àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ òfin yìí bo ara wọn. Bí a bá ka òfin náà léraléra, ohun tó sọ ni pé kí oko ẹrú máa wà lọ ní àwọn erékùṣù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá padà fún Faransé, irú bíi Martinique, níbi tí òmìnira ọdún 1794 kò tíì dé rí. Ṣùgbọ́n ní Guadeloupe, níbi tí àwọn èèyàn ti fi ọdún mẹ́jọ jẹ́ olómìnira, àṣẹ mìíràn jáde ní oṣù Keje láti dá wọn padà sínú oko ẹrú. Kí àṣẹ náà tó jáde pàápàá ni ọ̀gágun tí Napoleon rán lọ síbẹ̀ ti ń fi ìbọn ṣe iṣẹ́ náà. Louis Delgrès, ọmọ ogun Faransé tó jẹ́ ọmọ bíbí Martinique, kọ̀ láti tẹrí ba. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ní Matouba, òun àti àwọn tó tó 300 tó kù lẹ́yìn rẹ̀ tiná bọ ẹ̀tù ìbọn, wọ́n kú pọ̀ sójú kan dípò kí wọ́n padà sí oko ẹrú. Ìròyìn Guadeloupe yìí ló dé Saint-Domingue tí gbogbo ènìyàn fi mọ ohun tó ń bọ̀ wá sórí àwọn náà. Ogun tún gbiná. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa Leclerc àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun àwọn tó kù ní Vertières ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1803, Dessalines, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Toussaint, sì kéde òmìnira Haiti ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1804. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Dessalines ti dé adé olú-ọba lórí ilẹ̀ tirẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń tún Notre-Dame ṣe fún ìwúyè ti Napoleon kò tíì parí iṣẹ́.

Toussaint kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 1802 ni wọ́n gbé e dé odi Joux, wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ, wọ́n gba ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá olókùúta kan ní ibi gíga tí òtútù rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹni tó dàgbà ní erékùṣù olóoru lè fara dà. Ó kọ ìwé gígùn sí Napoleon, ó ní kí wọ́n gbé òun dé iwájú ilé ẹjọ́ kí òun lè rojọ́ ara òun. Kò rí èsì. Lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná ni wọ́n bá òkú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ keje oṣù Kẹrin. Yàrá náà ṣì wà, àlejò sì lè wọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó ní pósí mẹ́fà lábẹ́ òrùlé aláwọ̀ wúrà ní Paris ló fi ẹni yìí síbẹ̀, ẹni tí wọ́n sin sí abẹ́ ilé ìsìn kékeré inú odi náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí egungun rẹ̀ wà mọ́ lónìí.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn èèyàn máa ń fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní gbogbo ọba ayé ìgbà náà ló ń ṣòwò ẹrú, kí ló wá dé tí a fi ń mú Napoleon nìkan? Ìdáhùn mi ni pé àwọn ọba yòókù kò tíì dá ẹrú wọn sílẹ̀ ni. Ilẹ̀ Faransé ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, òun ló sì tún gbé ẹ̀wọ̀n náà padà sí ọrùn wọn. Ó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1848 kí wọ́n tó tún já a. Wọ́n tún ní òun fúnra rẹ̀ ló fòfin de òwò ẹrú ní oṣù Kẹta ọdún 1815 nígbà tó padà dé láti Elba. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí amọ̀nà sọ ọ́ pẹ̀lú, kó sì fi kún un pé òwò nìkan ni òfin náà kàn, kò kan àwọn tó ti wà nínú oko. Èyí tó kẹ́yìn ni pé àwa náà ta ara wa. N kò lè jiyàn ìyẹn, n kò sì fẹ́ jiyàn rẹ̀. Àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ kò fò ó. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ìtàn àwọn Aláàfin, wọn a dé orí Awólẹ̀, tó jọba ní àkókò tí Napoleon ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn àgbá, wọn a sì sọ bó ṣe ta ọfà káàkiri, tó fi àwọn èèyàn tirẹ̀ gégùn-ún pé kí wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí gbogbo ibi tí ọfà náà lọ. Ìtàn náà kò dùn ún sọ nínú ààfin, síbẹ̀ wọ́n ń sọ ọ́. Ohun kan náà ni mo ń béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà tó gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi.

Àwọn Faransé pàápàá ti ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí ikú Napoleon pé igba ọdún, Ààrẹ Emmanuel Macron sọ ní gbangba pé dídá oko ẹrú padà jẹ́ àṣìṣe àti ìdàlẹ̀, kó tó lọ fi òdòdó sí ibojì náà. Bí olórí ìjọba bá lè sọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà tó ń bu ọlá fún òkú, n kò rí ìdí tí ẹni tó ń mú àwọn àlejò kiri fi ní láti máa fẹsẹ̀ fẹ́ẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní, ẹ má bínú sí òwe náà, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní Martinique, níbi tí wọ́n ti bí Joséphine ní ọdún 1763 sí ìdílé tó ní oko ìrèké àti ẹrú, wọ́n gé orí ère rẹ̀ tó wà ní gbàgede Fort-de-France ní ọdún 1991, ó wà láìlórí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì wó ìyókù lulẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2020. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń wó ère, ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fi ń jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn nínú ọgbà òdòdó Malmaison, níbi tí obìnrin náà gbé títí ó fi kú ní ọdún 1814, tí wọ́n sọ ìtàn àwọn òdòdó róòsì rẹ̀ fún láìsọ oko tí owó ìdílé rẹ̀ ti wá, ìdajì ìtàn ni onítọ̀hún gbọ́.

Mo mọ̀ pé wákàtí méjì kò lè gbé gbogbo ayé èèyàn. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí wọ́n yọ Austerlitz kúrò kí wọ́n fi Guadeloupe dí i. Inú Paris gan-an ni ibi méjì wà tí ẹsẹ̀ àlejò lè dé. Lára ògiri Panthéon, ilé tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn akọni ilẹ̀ Faransé, wọ́n kọ orúkọ Toussaint àti Delgrès sí i ní ọdún 1998. Ní gbàgede Général-Catroux, ẹ̀wọ̀n irin ńlá kan wà tí ojú rẹ̀ kan já, wọ́n gbé e síbẹ̀ ní ọdún 2009 fún ìrántí Ọ̀gágun Thomas-Alexandre Dumas, tí ẹrúbìnrin kan bí ní Saint-Domingue, tó bá Napoleon lọ jagun ní Íjíbítì, tó bọ́ sí ẹ̀wọ̀n ní Ítálì lójú ọ̀nà àbọ̀, tó sì kú ní ọdún 1806 láìrí owó ìfẹ̀yìntì gbà lọ́wọ́ ìjọba tó fi ara rẹ̀ sìn. Wọ́n ti ṣe ère rẹ̀ rí níbẹ̀, àwọn ará Jámánì ló wó o nígbà tí wọ́n gba Paris nínú ogun àgbáyé kejì. Mélòó nínú àwọn tó ń ka ìwé ọmọ rẹ̀, Alexandre Dumas, ló mọ̀ pé adúláwọ̀ ni baba náà?

Ẹni tó bá sì lágbára láti dé St Helena, tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń lọ síbẹ̀ láti ọdún 2017, kó má ṣe dúró sí Longwood nìkan, ilé tí Napoleon kú sí, tó jẹ́ ohun ìní ìjọba Faransé. Ní ọdún 1840 kan náà tí wọ́n hú òkú rẹ̀ láti gbé e lọ sílé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú wá sí erékùṣù yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó jẹ́ pé apá Kóńgò àti Àǹgólà ni wọ́n ti kó wọn, kú kí ara wọn tó mókun, àwọn tó tó 8,000 ni wọ́n sì gbà pé wọ́n sin sí àfonífojì Rupert. Egungun àwọn 325 tí wọ́n hú nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú àpótí, kí wọ́n tó tún wọn sin ní ọdún 2022.

Ní ti odi Joux, ìlú Pontarlier ni ó sún mọ́ jù, kò ju kìlómítà mélòó kan lọ sí ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Paris máa ń dúró ní Frasne, ibẹ̀ ni èèyàn yóò ti wọ òmíràn lọ sí Pontarlier. Kí ẹni tó fẹ́ lọ má ṣe lọ ní àkókò òtútù, nítorí wọn kì í ṣí i nígbà náà, kó sì mú ẹ̀wù tó nípọn dání kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí inú odi náà tutù. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan bi ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò kó tó sanwó ni èyí: ṣé ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ ọdún 1802, ta ni yóò sì sọ ọ́? Bí ìbéèrè náà bá pọ̀ tó lẹ́nu àwọn oníbàárà, mo gbà pé àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò yóò wá àyè fún un, nítorí òwò ni iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, ẹ̀yin Olóòtú, ni pé nígbà tí ẹ bá tún tẹ orúkọ àwọn ibi tó yẹ ní àbẹ̀wò lórí ìtàn Napoleon jáde, kí ẹ fi odi Joux kún un, kí ẹ sì tò ó sí ipò tó tọ́ sí i nínú ọjọ́ orí ọkùnrin náà, ìyẹn lẹ́yìn Saint-Cloud níbi tó ti gba ìjọba, àti ṣáájú Notre-Dame níbi tó ti gba adé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì,
Abẹ́òkúta.